RSS: OHUN KÉKERÉ TÍ ILÉ-IṢẸ́ ŃLÁ SỌ NÙ, TÍ KÒ SÌ KÚ

Ìtàn la gbé wá lónìí, kì í ṣe ìwàásù. Ó gùn díẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá ráyè kà á tán báyìí, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ẹ̀ka mídíà ìjọ wa ló bi wá ní ìbéèrè kan: "Dádì, sọ́fítíwià wo ló rọrùn, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, tí a lè fi máa gbé ìwàásù jáde, tí yóò máa dé ọwọ́ àwọn èèyàn fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé à ń fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ìtàn wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà yóò mú sọ́fítíwià tó kọ́kọ́ wù ú lójú, tó bá di ọdún méjì, yóò tún máa wá òmíràn kiri.

KÍ NI FÍÌDÌ?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní web feed, tí àwa yóò máa pè ní fíìdì nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò ju fáìlì kékeré kan lọ. Ẹ ronú nípa pátákó ìkéde ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkéde tó dé kẹ́yìn ló máa ń wà lókè. Ìkéde kọ̀ọ̀kan ní àkọlé, ó ní ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó ní àlàyé díẹ̀, ó sì sọ ibi tí èèyàn ti lè gbọ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Fíìdì náà nìyẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa kọ́ là ń rìn lọ sí ìdí pátákó. Áàpù orí fóònù wa dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Yóò lọ yẹ àádọ́ta pátákó wò láàárọ̀, yóò padà wá jíṣẹ́ fún wa pé, "Mẹ́ta ni tuntun lónìí, àwọn náà nìyí." Kò sẹ́ni tó jókòó sáàárín tó ń pinnu pé ká rí tibí, ká má rí tọ̀hún. A kò sì ní láti fún oníkéde ní nọ́ńbà fóònù wa ká tó mọ ohun tó kéde.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí ojú wa ń rí báyìí. Èèyàn tó tẹ̀lé ojú ewé kan lè pọ̀ bí ewé, síbẹ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà ló ń yan iye tí yóò rí ohun tí a kọ. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan?

BÀBÁ TÓ BÍ I LÓ GBÉ E JÙ

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993 ni CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́bàá Geneva, níbi tí Tim Berners-Lee ti ṣe World Wide Web, yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láti máa lò láìsan kọ́bọ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ojú ewé ti pọ̀ lórí ayélujára ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè máa yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Báwo lèèyàn yóò ṣe mọ ibi tí nǹkan tuntun ti jáde?

Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, àwọn òṣìṣẹ́ Netscape méjì, Ramanathan Guha àti Dan Libby, gbé ìdáhùn kan jáde. Netscape ní ojú ewé kan nígbà náà tó ń jẹ́ My Netscape, wọ́n sì fẹ́ kí oníkànnì yòówù lè máa fi àkọlé ìròyìn tirẹ̀ síbẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi kọ fáìlì náà ni wọ́n pè ní RSS. Ọkùnrin mìíràn wà tó ń jẹ́ Dave Winer, tó ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan, UserLand. Òun náà ti ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún ìkànnì rẹ̀ láti ìparí ọdún 1997. Nígbà tí Libby tún RSS ṣe ní oṣù Keje ọdún 1999, ó mú nínú ti Winer kún un, ó sì jẹ́ kó rọrùn sí i.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. AOL ti ra Netscape. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, nígbà tí wọ́n ń tún ilé-iṣẹ́ náà tò, wọ́n yọ RSS kúrò lórí My Netscape, wọ́n sì kó àwọn ìwé àlàyé rẹ̀ kúrò lórí ìkànnì wọn. Bàbá tó bí ọmọ ló gbé e jù sí ààtàn.

Ká ní ọjà Netscape nìkan ni RSS ni, ibẹ̀ ni ìtàn ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n ìlànà ìkọ̀wé ni, ó sì ti dé ọwọ́ aráyé. Àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ ọ́, wọ́n ti ń kà á. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

ÌJÀ LÓRÍ ORÚKỌ

Bí ọmọ bá di aláìníbàbá, mọ̀lẹ́bí a máa jà lé e lórí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ẹgbẹ́ kan gbé RSS 1.0 jáde. Nínú oṣù yẹn kan náà, Winer gbé RSS 0.92 tirẹ̀ jáde. Orúkọ kan, ìlànà méjì! Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, Winer gbé RSS 2.0 jáde, kì í sì í ṣe ọmọ 1.0 rárá. Ní 2003, àwọn tí ìjà náà ti sú lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn tí wọ́n pè ní Atom. Oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni IETF, àjọ tó ń rí sí ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Lára àwọn tó kọ RSS 1.0 ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aaron Swartz. Ọmọ ọdún 14 ni. Àwọn àgbàlagbà tó jókòó ti iṣẹ́ náà kò wo ọjọ́ orí, ohun tó ń sọ ni wọ́n wò. Ọdún 26 péré ló lò láyé. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 2013. Iṣẹ́ tó lọ́wọ́ sí ní ọmọ ọdún 14 ṣì wà nílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ ṣì kéré.

Kí ló wá parí ìjà náà? Kò sẹ́ni tó borí pátápátá. Ohun tó dá àwa tí a wá lẹ́yìn dúró ni ohun tí Winer ṣe ní oṣù Keje ọdún 2003: ó gbé ìwé ìlànà RSS 2.0 fún Berkman Center ní yunifásítì Harvard, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó fún gbogbo èèyàn láyè láti lò ó. Ìwé náà sọ ọ́ kedere pé RSS kò ní yí padà mọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan tuntun, kó fún un ní orúkọ tuntun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fíìdì tí ẹnì kan kọ ní 2003, áàpù òde òní ṣì lè kà á. Ẹ mélòó nínú ohun tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe ní 2003 la lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀?

BÍ OHÙN ṢE WỌ INÚ FÍÌDÌ

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí tábìlì kásẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìwàásù lẹ́ẹ̀kan sí i yóò tò, yóò sanwó, wọ́n á ṣe ẹ̀dà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni CD dé. Kò pẹ́ sígbà tí CD gbòde ni ọ̀nà mìíràn ti là sílẹ̀ lókè òkun.

Adam Curry, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní MTV, ló ń yọ Winer lẹ́nu pé kí fíìdì lè gbé ohùn. Winer gbà. Nínú RSS 0.92 ti ọdún 2000 ló fi ohun tí wọ́n ń pè ní enclosure sí. Bí ìgbà tí a so ẹrù mọ́ ìkéde ni: ìkéde náà yóò sọ àdírẹ́sì ibi tí ohùn wà, bó ṣe tóbi tó, àti irú fáìlì tó jẹ́. Mẹ́ta péré.

Fún bí ọdún méjì àti ààbọ̀, ìba èèyàn díẹ̀ ló lò ó. Ní 2003, akọ̀ròyìn Christopher Lydon bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ jáde lọ́nà náà. Ní 2004, wọ́n ti ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní podcast. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, Apple fi podcast sínú iTunes, wọ́n sì kéde pé láàárín ọjọ́ méjì, iye ìgbà tí àwọn èèyàn forúkọ sílẹ̀ láti máa gbọ́ ètò ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá Apple gbé yín lójú. Apple kọ́ ló ń tọ́jú ohùn wọ̀nyẹn. Fíìdì tí oníkálukú kọ sí ìkànnì tirẹ̀ ni iTunes ń kà. Ilé-iṣẹ́ tó lówó bí nǹkan míì ló wá ń ka pátákó tí ẹni tí kò ní ju máìkì kan lọ kọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀FẸ́ YÀTỌ̀ SÍ ÒMÌNIRA

Yorùbá wa lọ́rọ̀ jù níbí yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí kò sí nínú ìdè, ó sì ti da aráyé láàmú. Àwa ní ọ̀fẹ́, a sì ní òmìnira. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GNU ní 1983, ti ṣàlàyé rẹ̀ títí ẹnu fi ń kán an: òmìnira lòun ń wí. Òmìnira láti lo sọ́fítíwià bó ṣe wù wá, láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Ìwé àṣẹ tó kọ fún un ní 1989, tí wọ́n ń pè ní GPL, ló so òmìnira náà mọ́ sọ́fítíwià kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á padà.

Ìtàn méjì yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Ní 2001, tọkọtaya kan, Ben àti Mena Trott, ṣe Movable Type, sọ́fítíwià tí èèyàn fi ń kọ nǹkan sórí ìkànnì tirẹ̀, tó sì ń ṣe fíìdì. Ó dára, ọ̀pọ̀ èèyàn sì lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, wọ́n gbé ẹ̀dà kẹta jáde pẹ̀lú òfin tuntun: ẹni tó bá ní ìkànnì tàbí òǹkọ̀wé ju iye kan lọ gbọ́dọ̀ sanwó. Wọn kò jalè, iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kó gbogbo ẹrù wọn síbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní, wọn kò ní òmìnira.

Èkejì: Michel Valdrighi, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ b2 lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL. Nígbà tó yá, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, Matt Mullenweg, ọmọ ọdún 19 ní Texas, sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé àṣẹ ti gbà wá láyè, òun fẹ́ máa bá a lọ láti ibi tó dé. Mike Little dá a lóhùn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òun ṣe tán. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2003 ni WordPress jáde. Nígbà tí Movable Type yí òfin padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ. Lónìí, ó lé ní mẹ́rin nínú ìkànnì mẹ́wàá lágbàáyé tó ń lo WordPress.

Ẹ kíyè sí i: nínú ìtàn àkọ́kọ́, ẹni tó ni iṣẹ́ wà níbẹ̀, èèyàn sì ṣòfò. Nínú èkejì, ẹni tó ni iṣẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó ṣòfò. Ìwé àṣẹ ló fa ìyàtọ̀.

ÀWỌN ILẸ̀KÙN TÍ WỌ́N TÌ

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Google gbé Google Reader jáde láti máa fi ka fíìdì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára débi pé ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Google ní àwọn yóò tì í; nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje, ó ti parí. Lọ́dún yẹn náà ni Twitter mú fíìdì RSS tirẹ̀ kúrò. Àwọn kan ní RSS ti kú. Kò kú. Yàrá ìkàwé kan ni wọ́n tì, pátákó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà oníkálukú. Àwọn èèyàn kó àkójọ ìkànnì wọn sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní OPML, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Sọ́fítíwià tuntun dìde, títí kan àwọn tó ní òmìnira bíi FreshRSS àti Miniflux. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà kò tíì gbàgbé ti Twitter, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 sí oṣù Kìíní ọdún 2022. Oṣù méje ni ìjọba fi tì í. Àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni oníbàárà wọn ti ń rí wọn mọ bó ṣe rí lára wọn. Àwa náà ti rí tiwa: ìkànnì kan tí a kò ní dárúkọ ti ojú ewé ìjọ wa pa lọ́jọ́ kan, kò sọ ìdí, kò sì sẹ́ni tí a lè pè. Ìwàásù ọdún mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbọ́ ìwàásù lórí ibùsùn àìsàn ń pè wá pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ ti dákẹ́ ni?" A kò dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ni kò sí lọ́wọ́ wa.

ÈWO LA WÁ LÈ LÒ?

Ìdáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ wa nìyí. Mẹ́rin la yẹ̀ wò, gbogbo wọn ló ní òmìnira.

1. WordPress. Bí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀, fíìdì ti wà níbẹ̀. Ẹ fi /feed/ kún ẹ̀yìn àdírẹ́sì yín, ẹ ó rí i. Fún ohùn, ẹ lè fi PowerPress tàbí Seriously Simple Podcasting kún un. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó fẹ́ àbójútó. Bí ẹ kò bá máa fi ẹ̀dà tuntun sí i lásìkò, olè orí ayélujára yóò wọlé.

2. Podcast Generator, tí Alberto Betella bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ohùn àti fídíò ló wà fún. Ẹ ó kọ àkọlé, ẹ ó gbé MP3 sókè, òun fúnra rẹ̀ yóò kọ fíìdì. Kò nílò dátábéèsì. Castopod wà tó tún tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i.

3. Hugo tàbí Jekyll. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ yín, òun yóò sọ ọ́ di ojú ewé àti fíìdì. Hugo ń ṣe RSS láìjẹ́ pé a sọ fún un. Jekyll nílò àfikún kékeré kan. Fáìlì lásán ló máa ń wà lórí sáfà, nítorí náà olè kò rí ohun púpọ̀ jà síbẹ̀. Ó yẹ ọ̀dọ́ tí kò bẹ̀rù láti máa tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà.

4. Ọwọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ni o! Èèyàn lè fi ọwọ́ kọ RSS 2.0. Fíìdì fúnra rẹ̀ kò nílò ju àkọlé, lìǹkì àti àlàyé lọ, kí ìkéde kọ̀ọ̀kan wá tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, W3C ní ibi tí ẹ ti lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá ó pé.

Àwa mú ìkejì, nítorí pé arákùnrin tó ń bá wa ṣe é kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ telọ̀ ló ń ṣe.

Ohun méjì kù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Àkọ́kọ́, sọ́fítíwià ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ó sanwó orúkọ ìkànnì, ẹ ó sì sanwó àyè lórí sáfà. Ẹ má fi owó orúkọ náà ṣeré. Tí àdírẹ́sì fíìdì bá ń jẹ́ orúkọ yín, ẹ lè pààrọ̀ sọ́fítíwià tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, olùgbọ́ kò ní mọ̀. Tó bá ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan, ibi tí wọ́n bá gbé e lọ lẹ ó tẹ̀ lé wọn dé. Ibẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Èkejì, ẹ ṣàánú dátà àwọn olùgbọ́. Ìwàásù wákàtí kan tí a fi 128 kbps ṣe yóò tó MB 58. Tí a bá ṣe é ní 64 kbps lórí mono, kò ju MB 29 lọ, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò sì mọ́ ketekete. Ìdajì owó ìyá àgbàlagbà kan nìyẹn.

A kò sọ pé kẹ́nikẹ́ni kúrò lórí Facebook. Ibẹ̀ náà lẹ ti ń ka èyí. Ẹ máa ná ọjà níbi tí èrò wà, ṣùgbọ́n kí ẹ nílé tí ẹ ó padà sí. Netscape ti lọ, Google Reader ti lọ. Fáìlì kékeré tí wọ́n gbé jù ṣì ń jíṣẹ́ láràárọ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe é fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ẹ bá wa fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní ẹ̀ka mídíà níjọ yín. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò gbà, kó kàn sí wa, àwọn ọmọ wa yóò ràn yín lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní parun o. Àmín.